Gluten Tó Fara Pamọ́ Sínú Súìtì

Ẹni tí dókítà bá sọ fún pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan gluten mọ́ kì í pẹ́ kó tó mọ̀ pé búrẹ́dì, kéèkì àti bísíkíìtì ti di èèwọ̀ fún òun. Súìtì ni ènìyàn kì í tètè fura sí, nítorí pé ṣúgà ni súìtì lójú ọ̀pọ̀ wa, ṣúgà kò sì ní gluten nínú. Òótọ́ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn súìtì líle tí a ń pọ́n lá kò ju ṣúgà, omi glucose, aró àti èròjà amúdùn lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún wa pé ọmọbìnrin mi ní àrùn celiac ni mo ti ń ka ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rá súìtì tó bá wọ ilé wa, ohun tí mo sì rí ni pé ṣúgà fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń gbé gluten wọlé. Ohun tí wọ́n fi kún un, ohun tí wọ́n fi bò ó, tàbí ohun tó ti kọjá lórí ẹ̀rọ kan náà ṣáájú rẹ̀ ni gluten ń bá wọ inú súìtì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wọ̀nyí yóò rí súìtì púpọ̀ jẹ láìséwu, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n lè máa ṣe ara rẹ̀ léṣe fún ọdún púpọ̀ láìfura.

Gluten ni orúkọ àpapọ̀ tí a ń pe àwọn púrótéènì kan tó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà rye. Bí ẹni tó ní àrùn celiac bá jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ á dìde, wọn á sì kọjú ìjà sí ìfun kékeré rẹ̀ fúnra rẹ̀, títí tí àwọn ìka tíńtìntín tó tò sínú ìfun náà, tí í máa ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, yóò fi pẹlẹbẹ. Oúnjẹ á wọlé tán, ara kò ní rí i lò. Bí ènìyàn kan nínú 100 ló ní àrùn yìí lágbàáyé, púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì mọ̀. Willem Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ló fi hàn nínú ìwé ìwádìí rẹ̀ ní 1950 pé àlìkámà ló ń da ara irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láàmú. Títí di òní yìí, yíyẹra fún gluten ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni ni ìtọ́jú tí gbogbo dókítà ń gbé lé àwọn aláìsàn wọn lọ́wọ́.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ni súìtì ẹyọ kan lè ṣe. Iye tó ń ba nǹkan jẹ́ kéré gan-an, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a mọ̀ ọ́n. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé bí alárùn celiac bá ń jẹ 50 mílígíráàmù gluten lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, ìyẹn tó láti ba ìfun rẹ̀ jẹ́. Nínú ìyẹ̀fun àlìkámà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ ni gluten, èyí túmọ̀ sí pé ìyẹ̀fun tí kò ju ìdajì gíráàmù lọ ti gbé 50 mílígíráàmù yẹn dé. Ìdajì gíráàmù ìyẹ̀fun kò tó ohun tí ènìyàn ń fojú rí dáadáa bó bá ti pò mọ́ ṣokoléètì. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex Alimentarius, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbé òfin tiwọn kà, sọ pé ohun tí wọ́n bá kọ pé kò ní gluten kò gbọdọ̀ ju 20 mílígíráàmù lọ nínú kílò kan. Bí ọmọ bá jẹ 50 gíráàmù súìtì tó wà ní góńgó òfin yìí gan-an, mílígíráàmù kan péré ni yóò wọ inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín mílígíráàmù kan yìí àti ìdajì gíráàmù ìyẹ̀fun tí ẹnì kan kò kà sí ni gbogbo wàhálà tí à ń ṣe.

Nínú gbogbo ohun tí mo ń wá lẹ́yìn ọ̀rá súìtì, mọ́ọ̀tì (malt) ni mo fi ṣáájú. Inú ọkà báálì ni wọ́n ti sábà ń ṣe é: wọn á rẹ ọkà náà sínú omi títí yóò fi hù, wọn á sì sá a tàbí yan án gbẹ. Adùn rẹ̀ bá ṣokoléètì àti mílíìkì mu gidigidi, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe súìtì fi fẹ́ràn rẹ̀. Maltesers, fún àpẹẹrẹ, mọ́ọ̀tì ni ọkàn rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún ẹni tó bá fetí sílẹ̀. Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ ni ṣokoléètì tí wọ́n fi ìrẹsì tó ń dún rúmúrúmú lẹ́nu sí. Ìrẹsì kò ní gluten rárá, nítorí náà ọkàn ẹni á balẹ̀ bó bá ti rí ìrẹsì nínú àwòrán iwájú páálí. Ọmọbìnrin mi gbé irú rẹ̀ kan wá bá mi, ó sì fi ìka lé e pé, “Màámi, ìrẹsì ni wọ́n kọ síbí o, kò sí àlìkámà.” Mo ní kó ka àwọn èròjà náà dé òpin, kó má fo ohun tó wà nínú àkámọ́. Lẹ́yìn tó ka ṣúgà, wàrà àti kòkó tán, ó dé ibi tí wọ́n ti kọ ìrẹsì. Àkámọ́ kan tẹ̀ lé e, inú àkámọ́ yẹn sì ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ìyẹ̀fun ìrẹsì, ṣúgà, iyọ̀ àti omi mọ́ọ̀tì báálì ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé ó ní láti gbé ọ̀rá náà sún mọ́ ojú. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí iléeṣẹ́ náà kọ, kò sì sí àlìkámà níbẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ kò yẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkà báálì yìí tún ní apá kan tó jẹ mọ́ òfin, ẹni tó bá ń ra súìtì tó ti ìlú òkèèrè wá sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 2004 lórí àwọn èròjà tí kì í bá ara àwọn kan mu pàṣẹ pé kí wọ́n dárúkọ àlìkámà kedere, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kan ọkà báálì tàbí ọkà rye. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé wọn kò kọ ọ̀rọ̀ àlìkámà sábẹ́ àwọn èròjà, ìyẹn kò tíì wẹ súìtì náà mọ́, nítorí pé mọ́ọ̀tì lè wà lábẹ́ ohun tí wọ́n pè ní èròjà amúdùn àdánidá (natural flavor). Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin 1169 ti 2011 pàṣẹ pé kí gbogbo ọkà tó ní gluten hàn ketekete láàárín àwọn èròjà yòókù, kí lẹ́tà rẹ̀ dúdú jù tàbí kó yàtọ̀, ì báà jẹ́ àlìkámà, báálì tàbí rye. Èyí rọ ẹni tó ń kàwé lọ́rùn púpọ̀. Bákan náà ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí àkọlé tó sọ pé súìtì kan kò ní àlìkámà fi yín lọ́kàn balẹ̀. Kò ní àlìkámà lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kí mọ́ọ̀tì sì kún inú rẹ̀.

Irú súìtì kan tí wọ́n ń pè ní liquorice ni mo fẹ́ fi ṣe ìkejì. Ó rọ̀, ó ń fà, ó sì ń dán bíi rọ́bà, ẹni tí kò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò lè rò ó láé pé ìyẹ̀fun àlìkámà ló fún un ní fífà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀, àti dúdú àti pupa. Twizzlers, tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, ní ìyẹ̀fun àlìkámà nínú. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí ti àgbàdo ṣe tiwọn báyìí, wọn a sì kọ ọ́ sí iwájú pé kò ní gluten. Irú èyí nìkan ni kí ẹ rà. Ti Kit Kat àti gbogbo ṣokoléètì tó ní wéfà tàbí bísíkíìtì nínú kò gba àlàyé, ojú lásán ló fi ń hàn. Àwọn tó yẹ kí a tẹjú mọ́ dáadáa ni káràmẹ́ẹ̀lì, àwọn ṣokoléètì rìbìtì tí wọ́n ń kó sínú páálí ọ̀ṣọ́, àti súìtì tí wọ́n fi álímọ́ńdì lílọ̀ ṣe, nítorí pé àwọn kan a máa bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i kó lè ki. Ohunkóhun tó bá ní oats nínú náà wà níbẹ̀. Oats fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlìkámà, ṣùgbọ́n oko kan náà, ọkọ̀ kan náà àti ọlọ kan náà ni wọ́n sábà ń lò fún un pẹ̀lú àlìkámà àti báálì, nítorí náà oats tí wọn kò bá sọ pé àwọn yà sọ́tọ̀ kì í wọ ilé mi.

Mo fẹ́ dá ẹ̀rù àwọn kan dúró níbí, nítorí pé mo ti rí àwọn òbí tó gba gbogbo súìtì lọ́wọ́ ọmọ wọn nítorí ọ̀rọ̀ tó kàn jọ mọ́ọ̀tì lẹ́nu. Maltodextrin kì í ṣe mọ́ọ̀tì. Sítáàṣì ni wọ́n fi ń ṣe é, ti àgbàdo ló sì pọ̀ jù. Maltitol àti maltose kì í ṣe mọ́ọ̀tì. Omi glucose tí wọ́n fi àlìkámà ṣe pàápàá ti la iṣẹ́ púpọ̀ kọjá débi pé púrótéènì tó kù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, òfin ilẹ̀ Yúróòpù sì yọ ọ́ kúrò lára ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni dextrose àti maltodextrin tó ti ara àlìkámà jáde. Gelatin, pectin, lecithin àti aró káràmẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ohun tó yẹ kó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù ní ti gluten. Sítáàṣì tí wọ́n yí ìṣe rẹ̀ padà (modified starch) ni ó yẹ ní wíwò lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, bó bá jẹ́ ti àlìkámà, dandan ni kí wọ́n dárúkọ àlìkámà. Ọmọ tí wọ́n ti gba búrẹ́dì, kéèkì àti bísíkíìtì lọ́wọ́ rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí a tún ń gba ohun tí kò lè ṣe é ní nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé àwa àgbà kò fara balẹ̀ kàwé.

Ohun tí ẹ̀yìn ọ̀rá kì í sọ tán ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iléeṣẹ́. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kan ṣe ṣokoléètì oníbísíkíìtì láàárọ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ yẹn kan náà ṣe ṣokoléètì lásán lọ́sàn-án, èérún àlàárọ̀ lè bá ti ọ̀sán lọ. Nínú gbogbo súìtì, ṣokoléètì ni mo ń bẹ̀rù jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìṣe ṣokoléètì fúnra rẹ̀: omi kì í bá a rẹ́. Ẹ̀kán omi díẹ̀ tó bá kan ṣokoléètì yíyọ́ á sọ ọ́ di ohun tó dì gbagidi, nítorí náà wọn kì í sábà fi omi àti ọṣẹ fọ àwọn páìpù tó ń gbé e kiri. Wọn á há wọn, tàbí kí wọ́n da ṣokoléètì tuntun gba inú wọn láti ti ti àtijọ́ jáde. Irú ìmọ́tótó yìí ń dín gluten kù, kò sì dájú pé ó ń mú un kúrò tán. Súìtì rírọ̀ olómi èso yàtọ̀ sí èyí. Inú ìyẹ̀fun sítáàṣì tí wọ́n tẹ́, tí wọ́n sì tẹ ihò sí, ni wọ́n ti ń da ọ̀pọ̀ wọn kí wọ́n lè dì, sítáàṣì náà sì sábà máa ń jẹ́ ti àgbàdo. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun fẹ́ẹ́rẹ́ lára súìtì, tó ń kù sí ìka yín lẹ́yìn tí ẹ bá mú un, ó lè jẹ́ ṣúgà lílọ̀, ó lè jẹ́ sítáàṣì àgbàdo, ó sì lè jẹ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n wọ́n kó má bàa lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Àkọsílẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́.

Nípa ìkìlọ̀ tó ń sọ pé súìtì kan lè ní àlìkámà nínú, ẹ jẹ́ kó yé wa pé iléeṣẹ́ ló ń fínnúfíndọ̀ kọ ọ́, ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù. Òfin kò fi dandan lé e. Iléeṣẹ́ tó bìkítà lè kọ ọ́, kí èyí tí kò bìkítà sì dákẹ́, kó wá jẹ́ pé ti ẹni tó dákẹ́ gan-an ló léwu jù. Bí ìkìlọ̀ bá wà, èmi kì í ra súìtì náà fún ọmọ mi. Bí kò bá sí, tó sì jẹ́ ṣokoléètì, mo máa ń wá ọ̀rọ̀ tó dájú tó sọ pé kò ní gluten, tàbí kí n kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é. Súìtì tí wọ́n ń kó sínú ìkòkò gbangba, tí oníkálukú ń fi ṣíbí kan náà bù, kò sí ohun tí iléeṣẹ́ lè ṣe sí tirẹ̀ mọ́, nítorí náà mo ti pa á tì pátápátá.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí iléeṣẹ́, ẹ má bi wọ́n pé ṣé súìtì yín dára fún alárùn celiac. Wọ́n á dá yín lóhùn pé kí ẹ lọ bi dókítà yín, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á sì parí sí. Ẹ bi wọ́n bóyá ohun tó ní àlìkámà, báálì tàbí rye ń kọjá lórí ẹ̀rọ kan náà, bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀rọ náà, bóyá wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò gluten sí súìtì tó ti jáde tán, àti iye tí wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá. Ẹ fi orúkọ súìtì náà ní kíkún, ìwọ̀n rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè tí ẹ ti rà á sí i. Àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe máa ń dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyí ọ̀rọ̀ po, mo sì ti rí i pé ìdáhùn tó rẹlẹ̀, tó gbà pé ẹ̀rọ kan náà ni àwọn ń lò, wúlò fún mi ju ìdánilójú gígùn tí kò sọ nǹkan kan.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ ìwọ̀n àti orílẹ̀-èdè sí i ni pé orúkọ kan náà kì í fi dandan jẹ́ súìtì kan náà. Smarties tí Nestlé ń tà ní Yúróòpù jẹ́ ṣokoléètì tí wọ́n fi ṣúgà aláwọ̀ bò, ìyẹ̀fun àlìkámà sì wà lára àwọn èròjà rẹ̀. Smarties ti Amẹ́ríkà jẹ́ ṣúgà tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, iléeṣẹ́ mìíràn ló ni ín, kò sì ní gluten. Ẹni tó bá gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ tó wà lókè òkun pé Smarties ṣeé jẹ, tó sì lọ rà á láìkà á, lè ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá ńlá. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà ọdún, tí wọ́n bá gbé súìtì tí a ti mọ̀ jáde lọ́nà mìíràn: wọn á sọ ọ́ di kékeré, wọn á mọ ọ́ bí ẹyin tàbí bí ọkàn, iléeṣẹ́ mìíràn sì lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣe é, lórí ẹ̀rọ tó ti gbé bísíkíìtì kọjá. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rá ni à ń kà nílé wa, títí kan èyí tí a rà lánàá.

Àmì ìfọwọ́sí dára, mo sì máa ń wá a. Àmì ọkà tí wọ́n fi ìlà dá kọjá, tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, ń tẹ̀ lé 20 mílígíráàmù nínú kílò, nígbà tí àmì GFCO, àjọ kan tó ń fọwọ́ sí ọjà tí kò ní gluten, ń béèrè pé kó má ju 10 lọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí FDA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn, gbé jáde ní 2013 gba iléeṣẹ́ láàyè láti kọ ọ́ sára ọjà wọn pé kò ní gluten bí kò bá tó 20, kì í sì í ṣe dandan kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ súìtì tó mọ́ tónítóní ló wà tí kò ní àmì kankan. Súìtì líle oníṣúgà lásán tí ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, tí mo lè ka gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe bísíkíìtì, mo máa ń rà á pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Ṣokoléètì ni mo máa ń béèrè àmì lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé gbòòrò ju kíkàwé ẹ̀yìn ọ̀rá lọ, nítorí pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni súìtì sábà ti ń wá bá wọn. Mo ti bá olùkọ́ ọmọ mi sọ̀rọ̀, mo sì gbé àpò súìtì kan tí mo ti yẹ̀ wò sí kíláàsì wọn, kó lè jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá ń pín nǹkan fún àwọn yòókù, òun náà á ní tirẹ̀ lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fún un níbi ayẹyẹ, ó máa ń gbà á, á dúpẹ́, á sì gbé e wálé láìtú u. A ó jọ kà á. Bó bá yẹ, tirẹ̀ ni. Bí kò bá yẹ, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ fún èyí tó yẹ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe lọ́la. Àwọn òògùn àti fítámì tí wọ́n ṣe bíi súìtì, tí àwọn ọmọdé ń jẹ lẹ́nu, náà ń bẹ lára ohun tí à ń kà, kí ẹ sì bi ẹni tó ń ta òògùn bó bá ṣókùnkùn sí yín.

Bí ẹ bá ti ń ṣọ́ oúnjẹ fún ìgbà pípẹ́, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tTG-IgA, èyí tó ń fi hàn bóyá ara ṣì ń bá gluten jà, kò sì tíì wálẹ̀ bí dókítà ṣe retí, ẹ má fi gbogbo ìwádìí yín sórí ohun tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ nìkan. Ẹ kó ọ̀rá gbogbo súìtì, ṣíngọ́ọ̀mù àti ṣokoléètì tí ọmọ náà jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan jọ, kí ẹ má sọ èyíkéyìí nù, kí ẹ sì gbé wọn lọ síwájú onímọ̀ nípa oúnjẹ tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ jọ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé inú àkámọ́.